Hilux oní-dísù tí kì í tètè ṣíná láàárọ̀, tí síló rẹ̀ sì ń gbọ̀n: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Oníṣu Òkè-Ògùn béèrè pé:

Mo kí ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń jẹun nídìí ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù mi ni mo gbé wá, nítorí pé ó ti fẹ́ kọjá agbára mi. Toyota Hilux ọdún 2008 ni, ẹ́ńjìnnì 2KD tó ń lo dísù ló wà nínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ lítà méjì àbọ̀, onísílíńdà mẹ́rin. Iṣu àti gàrí ni mo fi ń kó láti Ṣakí lọ sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí mo ti ń lò ó, kò sì sí wàhálà kankan tó ju ti táyà àti bíréèkì lọ.

Láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn tí ọyẹ́ ti ń mú ni nǹkan ti yí padà. Ní aago márùn-ún ìdájí, tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, sítátà máa ń yí ẹ́ńjìnnì náà dáadáa, kì í lọ́ra, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í ṣíná. Mo lè yí i lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ó tó gbà. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé nígbà tí mo bá kọ́kọ́ ń yí i, èéfín kankan kì í jáde lẹ́nu sáílẹ́ńsà. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó gbà ni èéfín funfun tó ń rùn bíi dísù tútù á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Bó bá wá ṣíná tán tó sì wà ní síló, ìyẹn nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan láìtíì rìn, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀, ọwọ́ aago tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì á sì máa lọ sókè sódò láàárín 600 sí 900. Lánàá, mo gbé ife tíì sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kí n tó ti ilẹ̀kùn ilé dé, ìdajì rẹ̀ ti dà sórí àwọn ìwé ọkọ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìgbọ̀n náà máa ń dín kù, ṣùgbọ́n kì í tán. Lójú ọ̀nà, kò sí ohun tó ṣe é. Ó ń fa ẹrù gun òkè bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ̀sùn kejì tí mo ní ni pé tí mo bá dé Bódìjà, tí a bá já ẹrù fún ìdajì wákàtí, tí ẹ́ńjìnnì sì gbóná, mo tún ní láti yí i pẹ́ kí ó tó gbà. Èéfín funfun kò sí nínú ti ọ̀sán yìí.

Mo ti ra bátìrì tuntun. Mo ti pààrọ̀ fílítà dísù nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n ra nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fọ́n epo sínú sílíńdà, kí n sì ra pọ́ǹpù mọ́ ọn, owó tó sì pè kò lè jáde lọ́wọ́ mi àfi bí mo bá ta gbogbo iṣu tó wà nínú àká. Ṣé òótọ́ ni pé nọ́sù ni, àbí kí n kọ́kọ́ wo ibòmíràn?

Kàlìbrétà Àgbà dáhùn pé:

Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfaradà. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín báyìí, nítorí pé àwọn tó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wa kì í sọ ju pé "kò ṣíná" lọ, àwa la ó wá máa wá ìyókù kiri. Ẹ fi owó yín sápò ná.

Ẹ́ńjìnnì oní-dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Afẹ́fẹ́ tí písítìnì fún pọ̀ títí tó fi gbóná janjan ló ń dáná sun epo tí nọ́sù fọ́n sí i. Nítorí náà, kí ó tó lè ṣíná, ó gbọ́dọ̀ yí kánkán tó, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà gbọ́dọ̀ gbóná tó, epo sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ lásìkò pẹ̀lú agbára tó yẹ. Ẹ ní sítátà ń yí i dáadáa, ẹ sì ti ra bátìrì, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi ti àkọ́kọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èéfín ni ẹlẹ́rìí tó yẹ ká kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí èéfín kankan kò jáde, epo kò dé inú sílíńdà nìyẹn. Bí èéfín funfun tó ń rùn bíi dísù bá jáde, epo ti dé ṣùgbọ́n kò jóná. Èéfín dúdú jẹ́ ti epo tó pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín aláwọ̀ búlúù sì jẹ́ ti ọ́ìlì tó ń jóná. Ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ pé èéfín kì í sí nígbà àkọ́kọ́, kí funfun tó dé. Ìtumọ̀ rẹ̀ lójú tèmi ni pé láàárín òru, epo tó yẹ kó dúró nínú páìpù láti tánkì dé pọ́ǹpù ti sá padà sínú tánkì, afẹ́fẹ́ sì ti jókòó sí ipò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn ni sítátà yín ń fi ìgbà mẹ́ta fà jáde kí epo tó dé. Nígbà tó bá sì dé, ó bá sílíńdà tútù, ni ó bá ń rú funfun. Ọwọ́ aago tó ń lọ sókè sódò lẹ́yìn náà jẹ́ ti ìyókù afẹ́fẹ́ tó ṣì wà nínú epo.

Ohun tó máa ń rú ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì lójú ni pé wọ́n á wo abẹ́ ọkọ̀, wọ́n á rí i pé ilẹ̀ gbẹ táútáú, wọ́n á ní kò sí ibi tó ń jò. Láti tánkì dé pọ́ǹpù, fífà ni wọ́n ń fa epo, wọn kì í tì í. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń fi igi ewé ìbẹ́pẹ fa omi nígbà tí a wà lọ́mọdé: bí ihò bíńtín bá wà lára igi náà, omi kò ní kán sílẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ni ọmọ náà á máa mu.

Ní ìdájí ọ̀la, kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà lórí fílítà dísù. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi le mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ó bá rọ̀ bíi búrẹ́dì, tí ẹ sì ní láti tẹ̀ ẹ́ títí kó tó le, ẹ kà á, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí ọkọ̀ bá ṣíná lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ti mú olè yín. Ní ọjọ́ kejì, ẹ gbé e sun ní ibi tó dagẹ̀rẹ̀, kí orí rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀, kí tánkì lè ga ju ẹ́ńjìnnì lọ, kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ sì fi òkúta há táyà. Bí ó bá ṣíná wẹ́rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀rí kejì nìyẹn.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín: èwo ló ṣáájú, àìsàn yìí tàbí fílítà tuntun tí ẹ fi sí i?

Ti Bódìjà yàtọ̀ sí ti ilé. Láàárín ìdajì wákàtí, epo kò tíì ráyè sá padà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yín jẹ́ oní-réèlì. Pọ́ǹpù ń ti epo sínú réèlì kan, ibẹ̀ ni nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń mu, bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, sì ni ó ń pàṣẹ ìgbà tí wọn yóò ṣí. Bí agbára tí epo fi ń tì nínú réèlì kò bá tó nǹkan bíi 200 sí 300 bar (òṣùwọ̀n agbára ìtì) nígbà tí sítátà ń yí i, ẹ́ńjìnnì kò ní gbà. Bí dísù bá sì gbóná, ó máa ń ṣàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà nọ́sù tó ti jẹ nínú á máa dá púpọ̀ padà sí tánkì, réèlì kò sì ní tètè kún. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí nọ́sù kan jẹ̀bi, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohun tó sọ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni.

Ọmọ Awakọ̀ dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ní ìdí ọkọ̀ bàbá mi ni kí ẹni tó ni ọkọ̀ jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ lójú kan, kí ó mú sípánà, kí ó tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù díẹ̀ díẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá tú tí ohùn ẹ́ńjìnnì kò sì yí padà ni sílíńdà tí kò ṣiṣẹ́. Láàárọ̀, bàbá mi máa ń fọ́n ítà (omi kan tó máa ń tètè gbiná) sí ẹnu fílítà afẹ́fẹ́ díẹ̀, ọkọ̀ á sì ta kánkán dìde. Kò náni lówó púpọ̀.

Rewáyà Òṣogbo dáhùn pé:

Àbúrò mi, n kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ èmi náà lórí àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ó sì dára fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú nọ́ọ̀tì yẹn lórí ẹ́ńjìnnì oní-réèlì tó ń ṣiṣẹ́. Agbára inú réèlì 2KD lè tó 1,600 bar bí wọ́n bá tẹ tọ́ọ̀tù dáadáa, bí ó bá sì wà ní síló, ó ṣì ń lọ bíi 300 bar. Epo tó bá gba ojú ihò bẹ́ẹ̀ jáde á gun awọ ara wọ inú ẹran, ojú ibi tó gbà wọlé kò sì ní ju ti abẹ́rẹ́ lọ. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí á rò pé kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n ọsibítù ló gbọ́dọ̀ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kó sì sọ fún dókítà pé dísù ló gún òun, nítorí pé ìka tàbí ọwọ́ lè bá a lọ. Ohun tó rọ́pò sípánà yẹn ni kí ẹ máa yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà nọ́sù lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tó wà ní síló, kí ẹ máa fetí sí i. Iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ fi sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka bíréènì bọ́ọ̀sì, pa á tó bá yá.

Ọ̀rọ̀ ítà ńkọ́? Hítà púlọ́ọ̀gì, irin tó ń mú inú sílíńdà gbóná kí ọkọ̀ tó ṣíná, lè ti pọ́n rẹ́rẹ́ nígbà tí ítà bá dé ibẹ̀. Ó lè bú kí písítìnì tó dé ibi tó yẹ, mo sì ti rí ọ̀pá písítìnì tó tẹ̀ nítorí rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin oníṣu, ìdí tí mo fi dá sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni hítà púlọ́ọ̀gì yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa ló gbà pé nǹkan òyìnbó fún ìlú olótùútù ni. Òótọ́ ni pé bí oòrùn bá ti là, ẹ lè má mọ̀ pé ó ti kú, ṣùgbọ́n ìdájí ọyẹ́ ní Ṣakí kì í ṣe ọ̀sán Èkó. Iná rẹ̀ tó ń tàn tó sì ń kú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́, aago ló ń pa iná náà. Ẹ yọ irin tó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí ẹ sì gbé mítà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ kan sí orí púlọ́ọ̀gì, ẹsẹ̀ kejì sí ara ẹ́ńjìnnì. Èyí tó bá yè yóò ka nǹkan tó kéré, bí ohm kan tàbí kí ó dín. Èyí tó ti kú kò ní ka ohunkóhun. Bí ẹ bá fẹ́ tú èyí tó ti kú, ẹ dúró kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ má sì fipá yí i, nítorí pé bí ó bá ṣẹ́ sínú tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ ọjọ́ kan ti di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ tún fi mítà yẹn wo bátìrì nígbà tí ẹlòmíràn ń yí kọ́kọ́rọ́. Bátìrì tó yó máa ń ka nǹkan bíi 12.6 fóòtì nígbà tó bá sinmi. Tí sítátà bá ń fà á, kò yẹ kó já wá sí ìsàlẹ̀ 9.6. Tuntun kò ní kó má ṣàìsàn, ojú wáyà tó dípẹtà sì lè jẹ iná bátìrì tuntun. Kí ẹ sì wo ọwọ́ aago eré ẹ́ńjìnnì nígbà tí sítátà ń yí i. Bí ó bá ń gbéra díẹ̀, bíréènì bọ́ọ̀sì ń rí i pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Bí kò bá gbéra rárá, ẹ pè mí padà, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì la ó máa wá nígbà náà.

Ìyá Ìbejì Ọlọ́kọ̀ dáhùn pé:

Ẹ dákun, ẹ̀yin ọ̀gá, n kò fẹ́ gba ìbéèrè mọ́ oníbèéèrè lọ́wọ́. Ọkọ̀ mi náà máa ń ṣe báyìí tí awakọ̀ mi bá ra dísù inú dúrọ́ọ̀mù lẹ́bàá ọ̀nà. Ṣé ohun kan náà ni?

Kàlìbrétà Àgbà dáhùn pé:

Ìyá Ìbejì, ó lè jẹ́ omi. Ẹ bu díẹ̀ nínú dísù náà sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e síbi tí kò mì títí di ọjọ́ kejì. Dísù fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà bí omi bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ìgò lẹ ó ti rí i, ìlà tó pín wọn á sì hàn kedere. Kí awakọ̀ yín máa tú omi tó bá gbára jọ sí ìdí fílítà dànù, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Èyí tí wọ́n bá fi kẹrosínì lú ni kò ní fara hàn nínú ìgò, òun ló sì burú jù fún pọ́ǹpù, nítorí pé dísù náà ni ọ́ìlì tí pọ́ǹpù àti nọ́sù fi ń yí láìgbẹ.

Oníṣu Òkè-Ògùn kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo dúpẹ́. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe sọ, àbọ̀ rẹ̀ nìyí.

Ní ìdájí ọjọ́ Ajé, pọ́ǹpù ọwọ́ rọ̀ jọ̀jọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejìdínlọ́gbọ̀n ni mo tẹ̀ ẹ́ kó tó le, mo sì ń gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ bí ìgbà tí omi ń hó. Lẹ́yìn náà, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó sì gbà kí n tó ka ẹní, èjì. Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, n kò gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé e sun ní ẹ̀bá ilé ìyá mi tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì tún ṣíná wẹ́rẹ́ láìtẹ nǹkan kan. Ní ti ìbéèrè tí ẹ bi mí, mo jókòó, mo ro ó, mo sì rí i pé ọjọ́ kẹta tí a pààrọ̀ fílítà ni mo kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọyẹ́ ni mo ti ń dá lẹ́bi láti ọjọ́ yìí.

Hítà púlọ́ọ̀gì méjì ti kú, ti sílíńdà kìíní àti ìkẹrin. Bátìrì ka 10.4 nígbà tí sítátà ń fà á, ọwọ́ aago sì ń gbéra díẹ̀ bí ẹ ṣe wí.

Ṣùgbọ́n ìgbọ̀n náà kò lọ. Eré ẹ́ńjìnnì kò fò sókè sódò mọ́ o, ìyẹn ti dáwọ́ dúró, àmọ́ ó ń gbọ̀n létòlétò, bí ẹni tí bàtà ẹsẹ̀ kan ga ju ìkejì lọ. Mo ní kí ẹnì kan fi sìkánà wò ó fún mi ní Ìbàdàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tó sì wà ní síló. Ó ní iye àtúnṣe epo ti sílíńdà kìíní jẹ́ −1.2, ti ìkejì −1.4, ti ìkẹta +4.3, ti ìkẹrin −1.5. Ó tún yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì yọ ti ìkẹta, díẹ̀ báyìí ni ohùn ẹ́ńjìnnì fi yí padà. Ó ní kí n lọ ra nọ́sù kẹta. Ṣé kí n rà á?

Kàlìbrétà Àgbà dáhùn pé:

Ẹ má tíì rà á. Àìsàn méjì ló wọ ẹ̀wù kan, inú mi sì dùn pé a ti bọ́ ẹ̀wù náà lára wọn.

Ẹ jẹ́ ká parí ti afẹ́fẹ́ ná. Ẹ tú fílítà tí wọ́n fi sí i yẹn, kí ẹ wo òrùka rọ́bà rẹ̀. Àwọn kan máa ń lo òrùka àtijọ́ lé fílítà tuntun, àwọn mìíràn kì í fi dísù pa á lára kí wọ́n tó yí fílítà mọ́lẹ̀, á sì lọ́ pọ̀. Bí òrùka bá dára, ẹ wo orí fílítà níbi tí pọ́ǹpù ọwọ́ wà, kí ẹ tó wá tọ àwọn rọ́bà epo lẹ́yìn lọ sí tánkì. Bí ẹ bá rí rọ́bà kan tó mọ́ gaara, ẹ fi í dípò rọ́bà tó wọ pọ́ǹpù fún ìgbà díẹ̀, ojú yín ni yóò fi rí èéhó afẹ́fẹ́ tó ń kọjá.

Ní ti sílíńdà kẹta, ohun tí iye yẹn ń sọ ni pé sílíńdà náà ṣaláìlágbára, bíréènì bọ́ọ̀sì sì ń bu epo kún un kí ó lè bá àwọn yòókù rìn. Nǹkan tó bá wà láàárín −3 sí +3 kì í bà mí lẹ́rù, 4.3 ti kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n iye náà kò lè sọ ìdí tí kò fi lágbára. Ó lè jẹ́ pé nọ́sù kò fọ́n epo tó, ó sì lè jẹ́ pé nọ́sù dára ṣùgbọ́n kọ̀mpúréṣọ̀n, ìyẹn agbára afẹ́fẹ́ tí písítìnì fún pọ̀, ń jò lábẹ́ rẹ̀. Lórí ẹ́ńjìnnì yìí, wáṣà bàbà tí nọ́sù jókòó lé máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná sá jáde tó bá ti gbó. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tó wà ní síló, kí ẹ wò ó bóyá èéfín ń tú jáde níbẹ̀ ní ìdákúrekú, kí ẹ sì wo ọ́ìlì bóyá ó ti dúdú tó sì ki ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ra nọ́sù tuntun tó sì gbé e lé wáṣà àtijọ́ ti sọ owó sómi.

Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n tú nọ́sù kẹta, kí wọ́n nu ojú ihò rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí wọ́n wọn kọ̀mpúréṣọ̀n, kí ẹ sì gbé nọ́sù náà lọ sí ilé kàlìbréṣọ̀n tó ní ẹ̀rọ ìdánwò ti oní-réèlì. Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ní in. Ẹ béèrè kí ẹ tó gùn lọ. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti sọ iye tó ń fọ́n àti iye tó ń dá padà. Ní ẹ́ńjìnnì tí páìpù ìdápadà nọ́sù bá wà níta gbangba, ìgò mẹ́rin tó dọ́gba ni à bá so mọ́ ọn tí à bá sì máa wo èyí tó kọ́kọ́ kún, ṣùgbọ́n lórí tiyín, ẹ̀rọ ìdánwò ló yá jù.

Bí wọ́n bá pààrọ̀ nọ́sù náà tàbí tí wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe, nọ́ńbà gígùn kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sìkánà kọ sínú bíréènì bọ́ọ̀sì, nítorí pé nọ́ńbà yẹn ni ó ń sọ ìwà nọ́sù náà fún un. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá bá mi pé "nọ́sù tuntun náà kò dára," nọ́ńbà ni wọn kò kọ. Wáṣà bàbà ńkọ́? Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀. Èyí tó bá ti jókòó lẹ́ẹ̀kan kì í tún jókòó dáadáa mọ́.

Oníṣu Òkè-Ògùn kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ kú àánú mi. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti dákẹ́, mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dá mi lójú kí n tó kọ̀wé.

Òrùka rọ́bà fílítà ni. Nígbà tí a tú u, a rí i pé ó ti lọ́ bí okùn ìlẹ̀kẹ̀, apá ibì kan lára rẹ̀ ti pẹlẹbẹ níbi tí etí agolo fílítà ti há a mọ́lẹ̀. Mo ra fílítà mìíràn tó ní òrùka tirẹ̀, a fi dísù pa á lára, a sì fi ọwọ́ yí i wọlé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni ó fi ń le.

Ní ti nọ́sù kẹta, wáṣà bàbà abẹ́ rẹ̀ dúdú bí èédú lápá kan, a sì fi irin ha èérí líle bí ọ̀dà kúrò lára nọ́sù náà. Kọ̀mpúréṣọ̀n sílíńdà náà dára nígbà tí wọ́n fi wáṣà tuntun wọ̀n ọ́n. Ní ilé kàlìbréṣọ̀n, wọ́n rí i pé ohun tó ń dá padà ju ti ìlọ́po méjì èyí tó yẹ lọ, wọ́n sì pààrọ̀ ẹnu rẹ̀ àti fáàfù inú rẹ̀. A pààrọ̀ wáṣà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a fi hítà púlọ́ọ̀gì méjì sí i, a sì kọ nọ́ńbà nọ́sù náà sínú bíréènì bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n tún fi sìkánà wò ó, ti ìkẹta ti wálẹ̀ sí +0.7, síló sì dúró sójú 800 láìmì. Gbogbo owó tí mo ná kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tí wọ́n kọ́kọ́ pè fún mi. Mo ti lọ sí Bódìjà lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ọ̀sán gangan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó ń gbà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù. Ọ́ìlì tí a tú jáde ki, ó sì dúdú, bí Kàlìbrétà Àgbà ṣe sọ. Ṣé kí n kàn yí ọ́ìlì tuntun sí i kí n máa lọ?

Kàlìbrétà Àgbà dáhùn pé:

Ẹ má lọ o. Èérí tí ẹ rí lára nọ́sù yẹn ti ń wọ inú ọ́ìlì láti ìgbà tí wáṣà ti ń jò, ó sì lè ti lẹ̀ mọ́ asẹ́ tí pọ́ǹpù ọ́ìlì fi ń fa ọ́ìlì nísàlẹ̀. Bí asẹ́ náà bá dí, tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) àti bẹ́árìnì á gbẹ kí iná ọ́ìlì tó tàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ àwo ọ́ìlì kalẹ̀, kí wọ́n fọ asẹ́ náà, kí ẹ fi ọ́ìlì àti fílítà ọ́ìlì tuntun sí i, kí ẹ sì tún ọ́ìlì náà pààrọ̀ lẹ́yìn bíi 2,000 kìlómítà, èyí tó kọ́kọ́ wọlé á ti fọ ìyókù jáde.

Oníṣu Òkè-Ògùn kọ ọ́ pé:

Mo ti gbọ́, sà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ó sọ ọ́ kalẹ̀, ẹrù iṣu tó kàn yóò dúró de ọjọ́ Ajé.